Ọ̀nà Wa Létí Adágún

Dókítà tó ní kí n máa sáré ti lọ sí ìlú òyìnbó ní tirẹ̀. Èmi tó fi sílẹ̀ ni mo ṣì ń sá a. Ó jókòó sínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkìtìpupa lọ́jọ́ náà, fáànù ń fẹ́ ẹ lórí, ó wo èsì àyẹ̀wò mi, ó ní ara mi ti wúwo jù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi náà ga, bí mo bá fẹ́ kí oyún dúró sí mi lára, àfi kí n máa sáré díẹ̀díẹ̀. Mo bi í pé ṣé eré sísá ló ń fún obìnrin lóyún ni. Láyí fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Láyí ni ọkọ mi. Kó má yà yín lẹ́nu pé mo ń pè é lórúkọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pe tiwọn ní Bàbá Ọlámidé, Bàbá Tóbilọ́ba. Ta ni kí n fi pe tèmi? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa a máa kí èmi náà ní Ìyá Ìbejì, wọ́n ní àdúrà ni. Mo ti ń jẹ́ orúkọ yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó ti sú mi. Nígbà mìíràn ó máa ń wù mí kí n bi wọ́n pé àwọn ìbejì ọ̀hún dà, ṣùgbọ́n èèyàn kì í bá ẹni tó ń ṣàdúrà fún un jà. Màá kàn ṣe àmín, màá sì bá tèmi lọ.

Láyí ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, èmi ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí Láyí ṣe nǹkan, tọkàntọkàn ló máa ń ṣe é. Dókítà kò bá a wí rárá, èmi ni wọ́n ní kí n sáré, síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ ra bàtà eré. Ó ra tèmi náà. Láti ìgbà yẹn, gbogbo Sátidé, kí oòrùn tó le, a ti wà nínú igbó.

Ọ̀nà tí a ń sá kò jìnnà sí Erinje. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la ti ń wọ inú igbó. Igi rọ́bà ló ṣáájú, ọ̀pẹ ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni igbó gidi. Kì í ṣe ọ̀nà tó le, kò sì rọrùn. Ó ń gòkè díẹ̀, ó ń sọ̀ díẹ̀, gbòǹgbò igi sì wà nílẹ̀ káàkiri tó ń dúró de ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹni. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ tán, a ó bá adágún ńlá kan, omi rẹ̀ dúdú minimini. A ó yí i po, a ó já sí ojú títì, a ó sì padà sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Àwa nìkan kọ́ là ń sá a. Àwọn tíṣà wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tí ikùn ti fẹ́ gbé ṣubú náà wà níbẹ̀.

Etí adágún yẹn ni wàhálà wà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Èyí tó lọ sápá ọ̀tún ló yá, ó tẹ́jú, ó mọ́, ṣùgbọ́n àárín Ilẹ̀ Àánú ló gbà kọjá. Ilẹ̀ àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa ni Ilẹ̀ Àánú. Iyanrìn funfun ni wọ́n dà sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ri àgbélébùú kan mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ sọgbà yí i ká. Àwọn àgbà ìjọ kò ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá. Ohun tí wọ́n wí ni pé kí olúwarẹ̀ bọ́ bàtà, kó gbé e lọ́wọ́, kó rìn jẹ́jẹ́, kó wọ bàtà padà bó bá jáde tán. Òfin kejì ni pé obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ títí ọjọ́ méje yóò fi pé. Inú ìjọ yìí ni wọ́n bí mi sí, inú rẹ̀ ni mo ti gbó. N kò bá wọn jiyàn lórí òfin yẹn rí.

Ọ̀nà kejì lọ sápá òsì, ó gba inú àbàtà láàárín igi ògùrọ̀. Ó jìn, ẹrẹ̀ rẹ̀ ń gbé bàtà mì, ẹ̀gún rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọkùnrin kankan kì í gba ibẹ̀. Kí ni yóò wá lọ ṣe níbẹ̀? Àwa obìnrin ń pè é ní Ọ̀nà Wa. Bí obìnrin kan bá yà sí Ọ̀nà Wa lówùúrọ̀ Sátidé, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti mọ̀, wọ́n á sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A kì í béèrè.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ èmi àti Láyí ṣe bá èyí wọ̀. Ẹsẹ̀ Láyí yá ju tèmi lọ. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé òdìkejì adágún, níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti tún pàdé. Àga pákó kan wà níbẹ̀, yóò jókòó, yóò máa retí mi. Bí mo bá yọ láti apá ọ̀tún, yóò rẹ́rìn-ín, yóò na ike omi sí mi. Bí mo bá yọ láti apá òsì, yóò na ike omi sí mi, kò ní rẹ́rìn-ín. Tán. Kò sí ọjọ́ tí mo fi ẹnu ara mi sọ fún ọkọ mi pé nǹkan oṣù mi ti dé. Nílé, mo mọ bí mo ṣe ń fi í pamọ́. Títí di Sátidé, kó ṣì máa rò pé ó ṣeé ṣe. Àánú ni mo rò pé mo ń ṣe é. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ohun tí ojú bá ti rí, mo rò pé kò yẹ kí etí tún gbọ́ ọ.

Kò sí oṣù tí Ọ̀nà Wa kò rí mi. Mo mọ ibi tí pákó wà nínú ẹrẹ̀ rẹ̀, mo mọ èyí tó ti jẹrà nínú wọn. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló rẹ̀ mí jù láyé yìí, kì í ṣe eré, kì í ṣe àgbo tí ìyá ọkọ mi ń sè, kì í ṣe ìṣọ́ òru. Ọ̀nà yẹn ni.

Lóṣù yìí, nǹkan oṣù mi kò wá. Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé àárẹ̀ ni. Sátidé dé, mo gba Ilẹ̀ Àánú, mo yọ lápá ọ̀tún, Láyí rẹ́rìn-ín. Sátidé tó tẹ̀lé e, apá ọ̀tún náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí Láyí kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó dìde dúró, ike omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí a délé, ó gba àwo lọ́wọ́ mi, ó fọ̀ ọ́. Ó ní n kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà mọ́, títì Òkìtìpupa ti bàjẹ́ jù. Ó ní ká lọ ra ohun àyẹ̀wò oyún ní kẹ́míìsì. Mo ní rárá. Ìlà kan ṣoṣo tó máa ń hàn lára nǹkan yẹn ti fi ojú mi rí màbo tó. Mo ní kó jẹ́ ká ṣe sùúrù, kó má sì sọ fún ẹnì kankan. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ọmọ ọ̀hún gan-an kò tíì dáni lójú. Láyí ní òun gbọ́.

Ó gbọ́ ni, kò gbà. Lọ́jọ́ Ẹtì, nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí níwájú ilé wa, wọ́n ti Osooro wá pẹ̀lú púpurú ẹ̀gẹ́ àti ẹja gbígbẹ. Wọ́n ní àwọn kàn ní káwọn wá kí wa ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ikùn mi ni wọ́n ń wò. Mo wo Láyí, Láyí ń wo òrùlé. Ká ní ara mi yá ni, ilé ì bá gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Màmá mú mi lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn àti Ìyá Àdúrà tó ń tọ́jú Ilẹ̀ Àánú ti fohùn ṣọ̀kan lórí fóònù. Bó bá di ìdájí, àwọn méjèèjì yóò ti wà níbẹ̀ láti dúpẹ́. Kí n rọra máa bọ̀ bí mo ṣe máa ń bọ̀, bí mo bá ti wọlé, kí n kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé mi. Mo ní ẹ ṣé, màmá. Kí ni mo tún fẹ́ wí?

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, a gbé ara wa dé ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Màmá ti gba ojú títì lọ síwájú, wọ́n ti wọ aṣọ funfun wọn. Láyí ní ká jọ máa rìn, òun kò ní sáré lónìí. Ó fẹ́ gbé ike omi mi, ó fẹ́ dì mí mú níbi gbòǹgbò, ó ń bi mí bóyá òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo ní kó máa lọ bá ìyá rẹ̀, jàre, kó jẹ́ kí n rí ibi mí sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo fi ojú sin ín títí igi rọ́bà fi bò ó. Inú mi dùn díẹ̀, n kò ní purọ́. Ọkùnrin tó ń sáré tó ń súfèé, ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú rẹ̀ nínú Láyí.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tèmi jẹ́jẹ́. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ewé rọ́bà rin sórí ilẹ̀, òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi ń ti abúlé kan bọ̀. Ẹsẹ̀ mi wúwo. Mo ń sọ fún un pé kó gbéra, ó ń gbéra, ṣùgbọ́n kò ti ọkàn rẹ̀ wá. Ìgbà tí mo dé ibi tí ọ̀pẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ìbàdí ti ń ro mí. Mo ní eré ni. Mo rọra rìn díẹ̀. Ó tún ro mí. Mo ní bẹ́ẹ̀dì wa ni, ó ti gbó, ó yẹ ká pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ ọ́n lára, bí obìnrin ṣe máa ń mọ̀ ọ́n, tí kò sì sí irọ́ tó lè pa fún ara rẹ̀ mọ́.

Mo yà kúrò lójú ọ̀nà, mo lọ sẹ́yìn ọ̀pẹ kan, mo wò. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Mo di igi yẹn mú. Ìyá kan ń bọ̀ tòun ti ẹyìn ọ̀pẹ lórí, ó kí mi pé ẹ kú ìdárayá, mo dá a lóhùn pé òo, ẹ kú iṣẹ́, ohùn mi kò yí padà rárá. Ìgbà tó lọ tán ni mo sunkún. N kò sunkún fún ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọmọ wo ni mo mọ̀? Mo sunkún torí pé ó rẹ̀ mí láti tún gba ìròyìn kan náà, bí ẹni tí wọ́n ń lù níbi kan náà lóṣooṣù. Mo bínú sí Ọlọ́run, mo sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu nínú igbó yẹn. Mo bínú sí Láyí tí kò lè pa ẹnu mọ́. Mo bínú sí dókítà àti ìlú òyìnbó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe lè máa gbé inú igbó. Mo tọ́jú ara mi bí mo ṣe lè ṣe é, mo fi súwẹ́tà so ìdí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo ń wo gbòǹgbò, mo ń fo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ dé etí adágún, níbi tí ọ̀nà ti pín.

Mo ti ń gbọ́ ohùn màmá. Bí inú wọn bá dùn báyìí, èdè Ìkálẹ̀ ponbele ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Mo gbọ́ agogo Ìyá Àdúrà. Mo gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ mi, tí wọ́n tún pè é, tí wọ́n ń fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo bọ́ bàtà mi.

Bẹ́ẹ̀ ni o, mo bọ́ ọ. Mo gbé méjèèjì lọ́wọ́, mo dúró lẹ́nu ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ yẹn. Ta ni yóò mọ̀? Súwẹ́tà ti bo ohun gbogbo. Màá wọlé, màá kúnlẹ̀, wọn á gbé ọwọ́ lé mi, màmá á jó lọ sí Osooro. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ní ó bàjẹ́ ni. Oyún tó bàjẹ́ sàn ju èyí tí kò sí lọ, wọ́n á tilẹ̀ fi ìyẹn bá mi kẹ́dùn. Mo ronú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rù òfin kò bà mí lọ́jọ́ náà, ó ti rẹ̀ mí kọjá ìbẹ̀rù.

Ohun tó dá mi dúró ni pé bí mo bá gba ibẹ̀ jáde, apá ọ̀tún ni màá ti yọ, Láyí á sì rẹ́rìn-ín. Láti gbogbo ọdún yìí wá, ẹ̀rín yẹn nìkan ni ohun tí n kò tíì purọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. N kò lè jí i. Mo tẹ̀ síwájú tán, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo wọ bàtà mi padà, mo dìde, mo yà sápá òsì.

Inú Ọ̀nà Wa dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Àfi ẹrẹ̀ tó ń fa bàtà mi, àti ohùn màmá tó ń ti orí omi wá, kò jìnnà sí mi rárá. N kò sáré. Mo ń ronú bí ojú Láyí á ṣe rí, mo ń ronú pé ike omi yẹn, n kò ní lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí.

Mo wá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níwájú. Ẹnì kan ń sáré bọ̀ láti òdìkejì, ó ń ta omi káàkiri, kò mọ ibi tí pákó wà. Mo rò pé obìnrin kan ló ṣì ọ̀nà. Láyí ni.

Ó dúró nígbà tó rí mi. Ẹrẹ̀ ti bò ó dé orúnkún. Ó ní òun kò tíì lọ sórí àga, òun jókòó sórí iyanrìn pẹ̀lú àwọn màmá, òun gbójú sókè, òun sì rí búláòsì pupa mi láti àlàfo ọgbà, láàárín ògùrọ̀ ní òdìkejì omi. Mo wo ilẹ̀ torí kí n má baà wò ó lójú, ìgbà náà ni mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wọ bàtà. Ó ti bọ́ ọ ní Ilẹ̀ Àánú, ó sì gbàgbé láti gbé e. Ẹ̀gún ògùrọ̀ ti ya ẹsẹ̀ rẹ̀ yánnayànna, ẹ̀jẹ̀ ń bá omi lọ. Mo bi í pé bàtà rẹ dà. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

"Láyí," mo wí, "nǹkan oṣù mi ti dé. Inú igbó ló bá mi."

Ó mi orí.

"O kò sọ ọ́ fún mi rí," ó ní. "Láti ìgbà tá a ti wà, òní lo máa kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́."

Mo ní mo rò pé kò fẹ́ gbọ́ ni.

"Helen, ó ti sú mi. Ìwọ kọ́ lo sú mi. Àga yẹn ló sú mi. Màá jókòó síbẹ̀, màá tẹjú mọ́ apá ọ̀tún títí ojú á fi máa ro mí, kí n má baà rí ọ lápá òsì. Lóṣooṣù. Èmi nìkan. Bí o bá ti rí i, sọ fún mi nílé. Bó jẹ́ balùwẹ̀ lo wà, ké sí mi. Má jẹ́ kí n tún jókòó síbẹ̀ mọ́."

Gbogbo ọdún tí mo fi gbà pé mo ń ṣàánú rẹ̀, orí àga pákó ni mo fi í sí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù.

Mo bi í pé kí ló sọ fún màmá nígbà tó sáré jáde. Ó ní òun kò sọ nǹkan kan, wọ́n di ojú, wọ́n ń dúpẹ́, wọn kò mọ̀ pé òun ti dìde. Mo ní ó dáa, ká jọ lọ sọ fún wọn, kí n gba tèmi tán lónìí, kí n lọ sùn. Mo fẹ́ kọjá lára rẹ̀. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ní òdìkejì omi, màmá ti dá orin. Orin ọpẹ́ ni, Ìyá Àdúrà ń gbè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ohùn màmá ti gbó, ó máa ń já, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò já. N kò gbọ́ kí wọ́n kọrin báyẹn láti ìgbà tí bàbá Láyí ti kú.

"Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ tán ná," Láyí ní.

Igi ògùrọ̀ kan ti wó sẹ́bàá ọ̀nà. A jókòó lé e. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí itan mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀gún. Orin náà parí, a múra láti dìde, màmá sì tún dá òmíràn. A tún jókòó.